Ẹ̀tọ́ Ta Ni Iṣẹ́? Kútúbà Jímọ̀ lórí Àmánà àti Ìpèsè Iṣẹ́ ní Agbègbè Wa

Gbogbo ọpẹ́ ti Ọlọ́hun ni, Ọba tí Ó dá ẹ̀dá tí Ó sì ti pèsè arísìkí wọn kí wọ́n tó mọ bí a ti ń tọrọ. Kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn sàhábà rẹ̀, àti gbogbo ẹni tí ó ń tọ ipasẹ̀ wọn títí di ọjọ́ ìkẹyìn. Lẹ́yìn èyí, ẹ̀yin ẹrú Ọlọ́hun, ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa, ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rù Ọlọ́hun ní ìkọ̀kọ̀ àti ní gbangba.

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ gbé yẹ̀wò lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìrun tàbí ti ààwẹ̀, ṣùgbọ́n inú ẹ̀sìn gan-an ni ó wà. Nínú Súrà Jímọ̀, Ọlọ́hun pè wá síbi ìrun, Ó ní kí a fi òwò sílẹ̀. Lẹ́yìn náà Ó pàṣẹ pé bí ìrun bá ti parí, kí a tú ká sórí ilẹ̀, kí a máa wá nínú oore Rẹ̀. Mọ́sálásí kò gbà wá lọ́wọ́ ọjà títí láé. Ó gbà wá fún ìgbà díẹ̀, ó sì rán wa padà. Ìbéèrè tí ó yẹ kí a bi ara wa ni pé, nígbà tí a bá jáde ní ẹnu ọ̀nà yìí, irú ọjà wo ni a ń padà sí? Ọ̀nà wo ni àwọn ọmọ wa ń gbà rí iṣẹ́ níbẹ̀?

APÁ KÌÍNÍ

Ẹ̀yin ọmọ ìyá wa nínú ẹ̀sìn, gbogbo wa ni a mọ bí agbègbè yìí ti rí. Láyé àwọn bàbá wa, oko kòkó, oko iṣu, obì àti ọ̀pẹ ni a fi ń jẹun, òun náà ni a sì fi ń rán ọmọ lọ sí ilé ìwé. Iṣẹ́ tíṣà àti iṣẹ́ ìjọba ni ọmọ tí ó kàwé ń lépa. Ní ọdún 2011, ìjọba àpapọ̀ dá yunifásítì sílẹ̀ sí Ọ̀yẹ́, ẹ̀ka rẹ̀ kan sì wà ní Ìkọ̀lé, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ àti iṣẹ́ ẹ̀rọ. Ní Ìdó, ilé ìwòsàn ìkọ́ni ti ìjọba àpapọ̀ ń gba aláìsàn láti ìlú wa àti láti ìlú tí ó jìnnà sí wa. Ìyípadà tí èyí mú wá hàn sí ojú gbogbo ènìyàn. Ibi tí ó jẹ́ oko ẹ̀gẹ́ tẹ́lẹ̀ ti di ilé tí akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé. Bíríkìlà àti kápẹ́ńtà rí iṣẹ́. Ọlọ́kadà, olóúnjẹ, aránṣọ, onídìrí, àti àwọn tí ń fi ẹ̀rọ POS san owó fún ènìyàn, gbogbo wọn rí oníbàárà. A dúpẹ́ fún un, nítorí ẹni tí kò dúpẹ́ oore àná kì í rí tọ̀la gbà.

Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀kùn kan bá ṣí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn sì dúró níwájú rẹ̀, ìjà a máa wà níbẹ̀. Iṣẹ́ tí owó oṣù rẹ̀ dájú kò pọ̀ ní agbègbè wa, àwọn tí ó ní ìwé ẹ̀rí sì ń pọ̀ sí i lọ́dọọdún. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ kan fi wà lẹ́nu àwọn ènìyàn wa, ní ọjà, ní ìpàdé ẹbí, àní ní ìta mọ́sálásí. Wọ́n ní: “Àwa ni a ni ilẹ̀. Àwọn ọmọ wa ni ó yẹ kí ó jẹ níbẹ̀ kí àlejò tó jẹ.” Bí ọmọ ìlú kan bá sì wà ní ipò tí ó ti lè gba ènìyàn síṣẹ́, a máa ń retí pé kí ó rántí ilé. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, a ó pè é ní aláìmoore. Kí ni ẹ̀sìn wa sọ lórí èyí? Ẹ̀tọ́ ta ni iṣẹ́?

A kò ní fi ojú yẹpẹrẹ wo ohun tí àwọn ènìyàn wa ń sọ, nítorí òtítọ́ wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ó fi ilẹ̀ bàbá rẹ̀ sílẹ̀ kí ilé ẹ̀kọ́ lè dúró lórí rẹ̀ ti ṣe ìrúbọ, kò sì tọ́ kí ọmọ rẹ̀ máa wo ọgbà náà láti ẹ̀yìn odi. Ẹ̀sìn wa pàṣẹ pé kí a so okùn ẹbí pọ̀, ó sì fún aládùúgbò ní ẹ̀tọ́ tí ó wúwo. Òfin ilẹ̀ wa pàápàá, ìyẹn ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999, ní abala 14, ní kí iṣẹ́ ìjọba má ṣe di ti ẹ̀yà kan tàbí apá kan nìkan. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ní kí a má gbàgbé ọmọ ìlú kò sọ ìsọkúsọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí padà ni ibi tí a ti sọ ẹ̀tọ́ aládùúgbò di ẹ̀bùn tí a fi ń gba ẹ̀tọ́ ẹlòmíràn. Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí Ọlọ́hun pè ní àmánà. Nínú Súrà Nísáì, Ó pàṣẹ pé kí a dá àwọn ohun tí a fi ṣọ́ wa padà fún àwọn tí ó ni wọ́n. Àwọn onímọ̀ sọ pé ipò àti iṣẹ́ wà lára àmánà náà. Ẹni tí a fi sórí àga kí ó máa yan òṣìṣẹ́ kò ni àga náà. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni a fi pamọ́ sí. Bí ènìyàn bá fi owó sọ́wọ́ wa pé kí a bá òun fi ra oògùn fún ọmọ òun tí ara rẹ̀ kò yá, ǹjẹ́ a lè mú nínú owó náà fún àbúrò wa nítorí pé ebi ń pa á? Ebi tí ń pa á jẹ́ òtítọ́, ìfẹ́ wa sí i kò ní ẹ̀tàn nínú, síbẹ̀ owó náà kì í ṣe tiwa.

Ẹ tún wo ìtàn Ànábì Músá nínú Súrà Kásásì. Ó sá kúrò ní Íjíbítì, ó dé Mádíyánì, kò mọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀, kò ní ilé, kò ní ẹbí. Ó bá àwọn ọmọbìnrin méjì fún ẹran wọn lómi. Nígbà tí ọ̀kan nínú wọn ń bá bàbá wọn sọ̀rọ̀ pé kí ó gbà á síṣẹ́, ìdí méjì ni ó mẹ́nu bà: agbára ọkùnrin náà àti ìfọkàntán rẹ̀. Kò béèrè ìlú tí ó ti wá. Àlejò pátápátá ni ẹni tí ó rí iṣẹ́ náà gbà. Ànábì Yúsúfù náà ńkọ́? Àlejò ni ní Íjíbítì, ẹrú ni wọ́n rà á, ọgbà ẹ̀wọ̀n ni ó ti jáde wá. Bí ọba Íjíbítì bá sọ pé ọmọ onílẹ̀ nìkan ni òun yóò fi ṣọ́ àká oúnjẹ, ìyàn ọdún méje ì bá ti pa ọmọ onílẹ̀ àti àlejò pọ̀.

Àwa tí a wà ní ilẹ̀ Yorùbá kò sì gbọ́dọ̀ gbàgbé pé a ti jẹ́ àlejò rí. Àwọn bàbá wa lọ ṣòwò ní Gánà, wọ́n kọ́lé síbẹ̀, wọ́n bímọ síbẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia pàṣẹ pé kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó fi ohun gbogbo sílẹ̀ lọ́jọ́ náà jẹ́ ọmọ Yorùbá. Ẹni tí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí ìdílé rẹ̀ yẹ kí ó mọ bí ọ̀rọ̀ “ẹ padà sílé yín” ti máa ń dun ènìyàn. Lónìí, ta ni ó ń kọ ebè ní ọ̀pọ̀ oko wa? Ìgbìrà ni, ará Bẹ́núé ni, àwọn ará Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò sì ni. Bí iṣẹ́ bá le, a kì í béèrè ibi tí òṣìṣẹ́ ti wá. Ìgbà tí iṣẹ́ bá ní àga àti fáànù ni a máa ń rántí ọmọ onílẹ̀. Ìdájọ́ tí ó ń yí padà gẹ́gẹ́ bí adùn iṣẹ́ ti rí kì í ṣe ìdájọ́ òdodo.

Sàhábà kan wà tí Ànábì fẹ́ràn púpọ̀, orúkọ rẹ̀ ni Ábú Dharr. Ó béèrè pé kí Ànábì fi òun sí ipò. Ànábì fi ọwọ́ kàn án léjìká, ó sì jẹ́ kí ó mọ̀ pé aláìlágbára ni lórí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, pé àmánà ni ipò, ó sì lè di àbámọ̀ ní ọjọ́ Àlùkìyámọ̀ fún ẹni tí kò bá gbà á bí ó ti tọ́. Ẹ kíyèsí ọwọ́ tí ó wà léjìká yẹn. Ìfẹ́ kò kúrò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ náà ni ó ní kí ó má fún un. Nínú hádíìsì mìíràn tí Búhárí gbà wá, Ànábì sọ pé bí a bá ti ń gbé ọ̀rọ̀ lé ọwọ́ ẹni tí kò tọ́ sí, kí a máa retí òpin ayé. A kò nílò láti dúró de òpin ayé kí a tó mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Òpin ayé ti dé bá aláìsàn tí ó dùbúlẹ̀ lórí ibùsùn lóru, tí ẹni tí ó ń tọ́jú rẹ̀ kò mọ iye oògùn tí ó yẹ kí ó fún un, nítorí pé ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ni ó bá a wá iṣẹ́ náà. Ọmọ ìlú wa ni yóò wà lórí ibùsùn yẹn pẹ̀lú.

Kí ni ó wá tọ́ láti ṣe fún ọmọ ẹni? Ohun púpọ̀ ni. Kò sí èèwọ̀ nínú pé kí a sọ fún un pé ààyè iṣẹ́ ṣí sílẹ̀, kí a bá a kọ ìwé, kí a fún un lówó ọkọ̀ lọ síbi tí wọ́n ti fẹ́ fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò, kí a sì jẹ́rìí òtítọ́ nípa ìwà rẹ̀. Ìpẹ̀ rere ni Ọlọ́hun pe irú èyí. Bí ènìyàn méjì bá dọ́gba nínú ìmọ̀ àti ìwà, kí a mú aládùúgbò, kò sí ẹ̀bi. Iṣẹ́ tí kò gba ìmọ̀ tó ṣọ̀wọ́n, bíi gbígbálẹ̀, ṣíṣọ́ ọgbà, tàbí títọ́jú òdòdó, ìdájọ́ òdodo ni kí ó kọ́kọ́ kan àwọn tí ń gbé ẹ̀gbẹ́ odi. Ohun tí ó jẹ́ èèwọ̀ ni kí a ti ẹni tí ó tọ́ sí i sẹ́yìn nítorí ẹni tí kò tọ́ sí i.

Ohun tí ó burú ju èyí lọ ni kí a ta iṣẹ́ bí ẹni ta iṣu. A ń gbọ́ pé àwọn kan ń gba owó lọ́wọ́ òbí kí ọmọ tó rí ìwé ìgbanisíṣẹ́. Bàbá yóò fi oko kòkó dógò, ìyá yóò kó owó àjọ, wọn yóò san án, nígbà mìíràn iṣẹ́ náà kò ní sí rárá. Ànábì ṣẹ́bi lé ẹni tí ó fúnni ní rìbá àti ẹni tí ó gbà á. Àwọn kan ń sọ pé: “Ẹ̀tọ́ mi ni mo fi owó gbà.” Lóòótọ́, àwọn onímọ̀ kan yọ̀ǹda fún ẹni tí alágbára gba ẹ̀tọ́ rẹ̀ tí ó sì fi owó gbà á padà, orí alágbára náà ni wọ́n gbé ẹ̀ṣẹ̀ kà. Ṣùgbọ́n ààyè iṣẹ́ tí ọgọ́rùn-ún ènìyàn kọ̀wé fún kò tíì di ẹ̀tọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ó san owó níbẹ̀ kò gba ohun tirẹ̀ padà. Ohun àwọn tí kò ní owó láti san ni ó rà. Ẹ sì jẹ́ kí a ro ó síwájú: ẹni tí ó fi owó ńlá ra àga, láti ibo ni yóò ti rí owó náà padà? Lára àwa tí a bá lọ síwájú àga náà ni.

A sọ ohun tí a sọ yìí, a sì ń tọrọ àforíjìn Ọlọ́hun fún ara wa àti fún gbogbo Mùsùlùmí. Ẹ tọrọ àforíjìn Rẹ̀, dájúdájú Aláforíjìn ni, Aláàánú ni.

APÁ KEJÌ

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, kí ìkẹ́ àti ọlà máa bá Òjíṣẹ́ Rẹ̀. Ẹ̀yin ẹrú Ọlọ́hun, bí a bá dúró síbi pé kí a má jà ní ẹnu ilẹ̀kùn, a ti sọ ìdajì ọ̀rọ̀ ni. Ìdajì kejì ni pé kí ilẹ̀kùn pọ̀ sí i. Imam Ghazálì, tí ó kú ní ọdún 1111, kọ ọ́ pé iṣẹ́ àgbẹ̀, aṣọ híhun, aṣọ rírán àti irú wọn wà lára ọ̀ranyàn tí ó wà lọ́rùn gbogbo àwùjọ. Bí àwọn kan bá ṣe é, ó bọ́ lọ́rùn àwọn yòókù. Bí kò bá sí ẹni tí ó ṣe é, gbogbo ìlú ni ó jẹ̀bi. Gẹ́gẹ́ bí a ti mọ̀ pé ìlú tí kò sí ẹni tí yóò kírun sí òkú lára jẹ ẹ̀ṣẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ìlú tí ó jókòó tí iṣẹ́ tí ó gbé ìgbésí ayé ró kú mọ́ ọn lọ́wọ́.

Iṣẹ́ kò ṣàjèjì sí wa. Ìṣàn mọ ìkòkò, òkìkí rẹ̀ sì kàn. Ìrè ní amọ̀ tí a fi dá ilé iṣẹ́ bíríkì sísun sílẹ̀, kí ó tó dákẹ́ fún ọdún púpọ̀. Ní òpin ọdún 1950 sí ìbẹ̀rẹ̀ 1960, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn dá àwọn ibùdó oko sílẹ̀ fún ọ̀dọ́ tí ó jáde ilé ìwé, ọ̀kan sì wà ní Ọ̀rìn, ní itòsí Ìdó. Èrò rere ni. Ṣùgbọ́n owó tí wọ́n ń ná lórí ọ̀dọ́ kọ̀ọ̀kan pọ̀, igi tí wọ́n gbìn pẹ́ kí ó tó so, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ kò sì ní sùúrù, wọ́n fi oko sílẹ̀ lọ sí ìgboro. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ ni pé a kò lè fi ilẹ̀ nìkan fún ọ̀dọ́. Ó nílò ohun tí yóò máa jẹ kí igi tó so, ọ̀nà tí ọjà rẹ̀ yóò gbà dé ọjà, àti ìdí tí yóò fi gbàgbọ́ pé oko náà yóò di tirẹ̀. Oko màlúù oníwàrà tí ó wà ní Ìkùn, ní ìjọba ìbílẹ̀ Mọ̀bà, dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́ títí ìjọba ìpínlẹ̀ fi pa ọwọ́ pọ̀ mọ́ ilé iṣẹ́ aládàáni kan kí ó tó tún bẹ̀rẹ̀. Ohun tí ó kú lè jí, bí àwọn tí ó ní owó àti àwọn tí ó ní ilẹ̀ bá jókòó pọ̀.

Ẹ má sọ pé iṣẹ́ ìjọba ni gbogbo èyí. Ọkùnrin kan nínú àwọn ará Mẹ̀dínà wá tọrọ lọ́wọ́ Ànábì. Ànábì kò fún un lówó. Ó béèrè ohun tí ó wà nílé rẹ̀: aṣọ kan àti igbá ìmumi kan ni. Ó gbé wọn sí gbàǹjo láàárín àwọn sàhábà, wọ́n sì di díríhámù méjì. Ó ní kí ọkùnrin náà fi ọ̀kan ra oúnjẹ fún ará ilé rẹ̀, kí ó fi èkejì ra irin àáké wá. Ànábì fi ọwọ́ ara rẹ̀ fi èèkù sí i, ó rán an lọ ṣẹ́gi, ó ní òun kò fẹ́ rí i fún ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ó padà wá pẹ̀lú díríhámù mẹ́wàá. Ábú Dáwúdà ni ó gba ìtàn náà wá. Ẹ wo ètò tí ó wà nínú rẹ̀: oúnjẹ tòní kọ́kọ́ dájú, irinṣẹ́ tẹ̀lé e, àkókò wà fún iṣẹ́ náà, ẹni tí ó ràn án lọ́wọ́ sì tún bi í bí ó ti lọ. Ohun tí ó sọnù ní Ọ̀rìn wà nínú ìtàn yìí.

Nítorí náà, a ní ohun mẹ́rin láti bẹ̀bẹ̀ fún. Èkínní, ẹ̀yin tí zàká wà lọ́rùn yín, ẹ má ṣe pín gbogbo rẹ̀ ní ẹgbẹ̀rún kan-kan tí yóò tán ní alẹ́. Àwọn onímọ̀ mazhab Sháfíì sọ pé oníṣẹ́ ọwọ́ tí kò ní lè gba iye tí yóò ra irinṣẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ nínú zàká. Ẹ̀rọ ìránṣọ kan lè mú kí ẹni tí ó ń gbà lọ́dún yìí máa yọ zàká lọ́jọ́ iwájú.

Èkejì, ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ilé fún akẹ́kọ̀ọ́, ẹ ṣe dáadáa, ṣùgbọ́n ilé tí a háyà kì í gba ju ẹnìkan tí ń ṣọ́ ọ lọ síṣẹ́ lẹ́yìn tí a bá ti kọ́ ọ tán. Ẹ yọ díẹ̀ nínú owó náà sí ibi tí ọwọ́ púpọ̀ yóò ti ṣiṣẹ́: ibi tí a ti ń ṣe gàrí, ibi tí a ti ń fọ epo, oko ẹja, ibi tí a ti ń ṣe búrẹ́dì. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún akẹ́kọ̀ọ́ ń jẹun lójoojúmọ́ ní Ọ̀yẹ́ àti Ìkọ̀lé. Ẹ béèrè ibi tí oúnjẹ náà ti ń wá.

Ẹ̀kẹta, ẹ̀yin agbanisíṣẹ́, ńlá àti kékeré, ẹni tí ó ní ọmọ iṣẹ́ kan ní ìsọ̀ àti ẹni tí ó ní ọgọ́rùn-ún: Ànábì ní kí a fún òṣìṣẹ́ lówó rẹ̀ kí òógùn rẹ̀ tó gbẹ. Ọlọ́hun sì sọ pé Òun fúnra Òun ni yóò bá ẹni tí ó gba iṣẹ́ tán tí kò san owó rẹ̀ ṣe ẹjọ́. Obìnrin tí ń fọ abọ́ ní ilé oúnjẹ, tí a ní kí ó padà wá lọ́sẹ̀ tí ń bọ̀, ní agbẹjọ́rò kan tí a kò lè fi owó rà.

Ẹ̀kẹrin, ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa. A mọ̀ pé kò rọrùn. A kò ní sọ pé ọ̀lẹ ni ẹni tí kò rí iṣẹ́, nítorí ọ̀pọ̀ yín ti wá a títí bàtà fi jẹ. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ìwé ẹ̀rí di ògiri láàárín yín àti iṣẹ́ ọwọ́. Ànábì Dáúdà jẹ́ ọba, síbẹ̀ nínú iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni ó ti ń jẹun. Ẹ má sì ra iṣẹ́. Bí ẹ bá rí i pé ẹni tí ó ní owó gba iwájú yín, ìwà ìrẹ́jẹ ni, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti bínú. Ṣùgbọ́n ìbínú tí ó bá sọ yín di irú rẹ̀ ti ṣẹ́gun yín nígbà méjì.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ìbéèrè wa. Ẹ̀tọ́ ta ni iṣẹ́? Ti Ọlọ́hun ni iṣẹ́, ó jẹ́ ti ẹni tí yóò ṣe é dáadáa, ó sì jẹ́ ti ẹni tí a ó ṣe é fún. Ọmọ ìlú ní ẹ̀tọ́ lórí wa, òun sì ni pé kí a jẹ́ kí ó tóótun, kí a jẹ́ kí ilẹ̀kùn pọ̀, kí a má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta ilẹ̀kùn náà fún un. Bí a bá ṣe èyí, kò ní ṣe pàtàkì mọ́ bóyá ẹni tí ó wà lórí àga jẹ́ ẹbí wa tàbí kì í ṣe ẹbí wa.

Ọlọ́hun Ọba wa, la ọ̀nà arísìkí halálì fún wa àti fún àwọn ọmọ wa. Fi àwọn tí ó tọ́ sórí ohun tí ó jẹ́ ti gbogbo wa. Fún àwọn òbí tí ó ti jẹ gbèsè nítorí iṣẹ́ tí kò wá ní ọ̀nà àbáyọ. Bùkún oko wa, ọjà wa, ilé ẹ̀kọ́ wa àti ilé ìwòsàn wa. Fi àlàáfíà sí Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́, Ìdó, gbogbo Èkìtì àti Nàìjíríà lápapọ̀. Àmín.

Ẹ dìde, kí a kírun. Lẹ́yìn ìrun, kí a tú ká sórí ilẹ̀, kí a sì máa wá oore Ọlọ́hun.